Kì í Ṣe Gbogbo Fídíò ni Búlọ́ọ̀gì



Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tọ̀ mí wá láìpẹ́ yìí. Àkòrí rẹ̀ ni bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sọ Yorùbá nínú búlọ́ọ̀gì oní-fídíò. Ogún fídíò ni ó kó jọ. Mẹ́rìnlá nínú wọn jẹ́ eré apanilẹ́rìn-ín: ọkùnrin wé gèlè, ó ń ṣe bí ìyá, ó ń lé ọmọ kiri. Mo bi í pé, "Ṣé báyìí ni ìyá rẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé?" Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n orí YouTube ni mo ti rí wọn, vlog ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é."

Gbogbo ènìyàn! Bí fídíò yòówù tí a bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ búlọ́ọ̀gì, a jẹ́ pé ìwé yòówù tí a bá fi yíǹkì kọ, lẹ́tà ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ náà láti gbòǹgbò. Ní ọdún 1997 ni Jorn Barger, ará Amẹ́ríkà, dá orúkọ "weblog" sílẹ̀; ní 1999 ni Peter Merholz gé e kù sí "blog". "Log" tí ó wà nínú rẹ̀, ìtì igi ni. Àwọn atukọ̀ ojú òkun a máa so igi mọ́ okùn, wọn a jù ú sómi láti fi mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó, wọn a sì kọ òǹkà náà sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ìwé náà ni ó jogún orúkọ igi. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó ń kọ ọ́, kò sì mọ ìjì tí yóò jà lọ́la. Ẹni tí ó kọ eré ti mọ ìparí rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo fa ìlà sí.

Ohun tí Adam Kontras ṣe nìyẹn ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 2000, nígbà tí ó fi fídíò kún àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè mọ bí ìrìnàjò rẹ̀ lọ sí Los Angeles ṣe ń lọ.

Wọn yóò ní, "Lonelygirl15 ńkọ́?" Ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, ọmọbìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Bree bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìṣẹ̀lẹ̀ ayé rẹ̀ láti inú yàrá. Nígbà tí ó di oṣù Kẹsàn-án, àṣírí tú: òṣèré ni, Jessica Rose ni orúkọ rẹ̀, àwọn kan ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ òǹwòran bínú. Ta ni í bínú sí òṣèré nítorí pé ó ṣeré? Ìbínú wọn ni ẹ̀rí mi.

Òótọ́ ni pé ẹni tí ó dojú kọ kámẹ́rà a máa túnra ṣe, a sì máa gé ibi tí kò wù ú kúrò. Mo gbà. Ṣùgbọ́n gígé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kù kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú híhun ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ní 2005, Michael Verdi rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má fún un ní ìtumọ̀ kankan. Ọmọ tuntun ni nígbà náà, n kò dá a lẹ́bi. Ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọ ọmọ lórúkọ. Èyí ti lé lógún ọdún!

N kò kórìíra eré apanilẹ́rìn-ín. Èmi náà ń wò ó, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo kọ̀ ni kí á fi àsọdùn òṣèré kọ gírámà, kí á wá sọ fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ èdè yìí ní Lọ́ńdọ̀nù pé báyìí ni ìyá Yorùbá ń sọ̀rọ̀.

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mi mú mẹ́rìnlá yẹn kúrò. Nínú mẹ́fà tí ó ṣẹ́ kù, obìnrin kan ń sọ bí ọjà ṣe rí fún un lọ́jọ́ náà. Ó wá ọ̀rọ̀ kan tì, ó ní, "Kí ni wọ́n tún ń pè é ná?" Ó dákẹ́. Àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láì rántí rẹ̀ mọ́.