Ẹ fi àlá Azaro sílẹ̀ jàre

1/ Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó tán nínú mi. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti dárúkọ The Famished Road ti Ben Okri níbí, ẹnìkan á ti bẹ̀rẹ̀ àkójọ: odò dúró fún èyí, ọ̀nà dúró fún tọ̀hún, oúnjẹ ojú àlá dúró fún májẹ̀mú. Haba! Ìwé ìtàn lẹ̀ ń kà ni, àbí ẹ wá ṣe ìṣọ́ òru?

2/ Fún ẹni tí kò tíì kà á: ọdún 1991 ló jáde, ọdún yẹn náà ló gba ẹ̀bùn Booker. Àbíkú ni Azaro. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ọ̀run ń pè é kó máa bọ̀. Bàbá rẹ̀ ń ru ẹrù, ìyá rẹ̀ ń kiri ọjà. Lójú oorun, lójú ayé, ọmọ yìí ń rí ohun tí ẹlòmíì ò rí.

3/ Ìbéèrè tí ẹ kì í béèrè ni pé, kí ló dé tí kò lọ? Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó dá a dúró ni pé ó wù ú kó mú inú obìnrin tó máa bí i dùn, torí ìyà ti hàn lójú obìnrin náà.

4/ Èmi mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní Ṣúpárè, nígbà tí mo lálàá pé èmi àtàwọn ọmọ kan ń jẹ iyán. Mo sọ fún màámi. Ó di ilé àdúrà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bọ́ mi, kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ará, mo febi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni o! Kò sẹ́ni tó bi mí.

5/ Ẹ ní ọ̀nà dúró fún ìrìnàjò ẹ̀mí. Ó dáa. Ṣebí a máa ń gbàdúrà ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà? Ní Àkùngbá, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ọkọ̀ akẹ́rù pa èèyàn lóṣù January 2021, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn. Ẹ lọ sọ fún àwọn ìyá wọn pé àmì lásán ni ọ̀nà.

6/ Mo gbà pé ìwé náà fi orílẹ̀-èdè wé àbíkú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàbá Azaro lẹ́yìn ìjà rẹ̀ tó kẹ́yìn: nínú oorun, ẹjọ́ àwọn tálákà ló ń rò. Ṣé "ìkọlù ọ̀tá" lẹ máa pe ìyẹn náà?

7/ Kẹ́ ẹ tó túmọ̀ àlá, ẹ bi alálàá: kí lo jẹ sùn? Ta lò ń rò? Kí lo fẹ́ ṣe báyìí tó o ti jí?

8/ Mo ka gbogbo èyí sétí màámi kí n tó gbé e síta. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Kò sóhun tí mo lè sè lọ́jọ́ náà ni, ọmọ mi."

Ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n túmọ̀ nígbà yẹn.