Apínná àti Ilé Kọ̀ǹpútà: Èrò lórí Orúkọ Méjì

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti kan ọmọ ènìyàn ni ó kan ohun-èlò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹni tí yóò sọ ohun-èlò lórúkọ ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ náà yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ibi tí èyí ti hàn kedere ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹnì kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀ nílé, tí ó wá fẹ́ pààrọ̀ àpótí rẹ̀ àti ẹ̀rọ tí ń fún un ní iná.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í máa pe gbogbo àpótí náà ní CPU. Àṣìpè ni. Ẹ̀yà kékeré tí ń ṣe ìṣirò ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó jókòó lórí pátákó inú àpótí, tí fáànù sì sábà máa ń bò mọ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ fún oníṣòwò pé òun fẹ́ pààrọ̀ CPU, ohun méjì tí iṣẹ́ àti owó wọn kò jọra ni ó lè wá sí ọkàn olùgbọ́. "Àpótí" sàn ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ dé mọ́lẹ̀ ni à ń kó sínú àpótí. "Ilé kọ̀ǹpútà" ni ó yẹ ẹ́ jù. Ilé ní fèrèsé: atẹ́gùn tútù a máa gba iwájú wọlé, èyí tí ó gbóná a sì gba ẹ̀yìn jáde. Ó sì ṣeé ṣe láti kó kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn. Láti ọdún 1995 tí Intel ti gbé ìlànà ATX jáde ni ibi tí ihò pátákó yóò wà ti ní ojú kan. Pátákó ATX tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 305, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 244, yóò bá ilé tuntun tí a ṣe fún ìwọ̀n náà mu, bí ó tilẹ̀ ti lo ogún ọdún.

Orúkọ kejì ni ó le jù. Páwápáàkì ni àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè é. Olùtumọ̀ a sì fẹ́ pè é ní "orísun iná". Ṣùgbọ́n orísun ni ibi tí omi ti ń sun. Iná kò sun láti inú ẹ̀rọ yìí. Ara ògiri ni ó ti ń wá, ní nǹkan bí fóòtì 230. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni láti gba iná alọbọ̀ yìí, kí ó rọ̀ ọ́ wálẹ̀, kí ó sọ ọ́ di iná ọ̀nà-kan, kí ó sì pín in: fóòtì 12 lórí wáyà aláwọ̀ ìyeyè, fóòtì 5 lórí wáyà pupa, fóòtì 3.3 lórí wáyà aláwọ̀ ọsàn. "Apínná" ni ó yẹ kí ó máa jẹ́.

Ẹnì kan lè jiyàn pé pínpín nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ kò níláti ròyìn gbogbo iṣẹ́, kò ṣáà gbọdọ̀ purọ́. Pínpín yìí gan-an ni ó sì ń kó ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe sí wàhálà. Púpọ̀ nínú àwọn tí a tò ní nǹkan bí ọdún 2000 ni ó ń gba iná ẹ̀yà ìṣirò wọn láti orí fóòtì 5, bẹ́ẹ̀ ni apínná òde òní ń fi èyí tí ó pọ̀ jù sórí fóòtì 12. Ẹni tí ó rí wáàtì 550 lára ẹ̀rọ tuntun, tí ó rò pé orísun ńlá ni òun rà, lè délé kí ó rí i pé ìpín fóòtì 5 kò tó ti ògbólógbòó tí òun yọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní apínná yóò kọ́kọ́ bèèrè pé, "Báwo ni ó ṣe ń pín in?" Ìdáhùn sì wà nínú àtẹ tí a lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí ó lè gba ẹ̀mí là. Bí ìwé ìtọ́ni bá ní kí ènìyàn "pa" kọ̀ǹpútà kí ó tó tú u, kò tí ì tó. Nínú ẹ̀rọ ATX tí a ti pa, fóòtì 5 kan ṣì wà lórí wáyà elésè-àlùkò níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń ti ara ògiri wọ apínná. Inú apínná tilẹ̀ lè fi iná tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá pamọ́ lẹ́yìn tí a bá yọ okùn rẹ̀. Nítorí náà, "pa" àti "yọ" kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lọ́wọ́ olùtumọ̀, kí ó sì kọ ọ́ ketekete pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí inú apínná.

Kò sí ẹni tí ó lè fi agbára gba páwápáàkì lẹ́nu ará ọjà. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ olùkọ́ ni láti gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan síwájú kíláàsì, kí ó yọ okùn rẹ̀, kí ó tú u, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì rí iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Orúkọ tí ó bá yege lójú wọn níbẹ̀ ni kí ó wọ inú ìwé.