Ẹ Má Fi Títì Dogarawa Ṣe Pápá Ìṣeré

Ẹ̀yin ọmọkùnrin tó ń kó mọ́tò jáde sójú ọ̀nà Kano láti ṣe drift nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá àti lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Mo mọ bàbá yín ní Sábó ní Zaria níbí, mo mọ ìyá yín, mo sì wà níbi ìkómọ ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ má bi mí pé kí ló kàn mí.

Ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Mo rí Lexus IS tí ọ̀kan nínú yín gbé lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà lẹ́bàá títì ní Dogarawa. Mọ́tò náà dára. Japan ni wọ́n ti ṣe é, Altezza ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, Amẹ́ríkà ló ti gbéra kó tó di tokunbo lọ́wọ́ wa. Ìdí tí ẹ fi ń wá irú rẹ̀ kiri yé mi: táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, ìdí mọ́tò ló sì gbọ́dọ̀ yọ̀ kí ó tó lè fẹ̀gbẹ́ rìn bí ẹ ṣe fẹ́. Camry àti Accord kò rí bẹ́ẹ̀, táyà iwájú ni tiwọn ń yí. Ẹ̀yin tí owó yín kò ká Lexus ń fi Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy ṣe é. Ẹ ó sá eré àsápajúdé, ẹ ó wá ṣàdéédéé fa bíréèkì ọwọ́ kí ìdí rẹ̀ lè fò. Èyí tilẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí láìsí eré burúkú, kò lè ṣe é ṣe.

Ẹ wá wo ohun tí wẹ́dà ṣe sí Lexus yẹn. Ó tú dífù rẹ̀, ó jó àwọn jíà kéékèèké inú rẹ̀ pọ̀ títí wọ́n fi di irin kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe mọ́tò kò fi jíà wọ̀nyẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Bí mọ́tò bá ń yí kọ́nà, táyà tó wà lóde máa ń rìn jìnnà ju èyí tó wà nínú lọ, dífù ló ń fún oníkálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ẹ bá ti jó o pọ̀, méjèèjì á máa yí bákan náà, ọ̀kan á sì máa wọ́ nílẹ̀ ní gbogbo kọ́nà. Òun ló ń jẹ́ kó yọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́. Òun náà ni kò ní jẹ́ kó gbọ́ràn nígbà tí òjò bá rọ̀ tí ẹ kò sì fẹ́ kó yọ̀ rárá. Lẹ́yìn èyí ni wẹ́dà gbé gáàsì, ó gé sípíríǹgì kúrú kí mọ́tò lè lọ sílẹ̀. Sípíríǹgì tó ti kúrú lè fò kúrò ní ìjókòó rẹ̀ bí táyà bá kó sí kòtò.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ ni 2314: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Wáyà ti ń yọjú. Mo bi ọmọ náà, ó ní, "Bàbá, a máa jó o dànù ni, a kò lè fi tuntun ṣòfò." Táyà yìí kan náà ló máa gbé e dé ojú ọ̀nà Kano, òun náà ló máa gbé e padà sílé, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òpópónà Kaduna sí Kano ni ọ̀nà tí ẹ ti ń ṣeré yẹn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé àtúnṣe rẹ̀ fún Julius Berger ní 2017, kì í ṣe kí ọ̀dà rẹ̀ lè dán fún drift yín. Tírélà ń gbà á, kẹ̀kẹ́ NAPEP ń gbà á, ọmọ Islamiyya ń sáré kọjá rẹ̀, ìyá onífúrà jókòó sétí rẹ̀. Òfin ní kí mọ́tò kékeré má sá ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú. Ẹ ní àwọn tó ń wò yín ló fẹsẹ̀ ara wọn wá. Àwọn tó lọ wo ayẹyẹ àwọn alálùpùpù ní Calabar lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2022 náà fẹsẹ̀ ara wọn lọ. Mọ́tò já wọ àárín wọn, ó sì pa lára wọn.

Ẹ tún ń dárúkọ Keiichi Tsuchiya, awakọ̀ drift ará Japan, fún mi. Lóòótọ́, ojú ọ̀nà orí òkè ní Japan ló ti kọ́ eré náà, fídíò rẹ̀, Pluspy, sì jáde ní 1987. Àmọ́ ẹ kò sọ fún mi pé wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ìgbà kan. Nígbà tí ìdíje drift D1 Grand Prix bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ní 2001, pápá ni wọ́n gbé e lọ, pẹ̀lú àṣíborí lórí awakọ̀. Apá tó dùn nìkan ni ẹ mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo drift ti Saudi, láti 2016 ni ìtanràn rẹ̀ ti di 20,000 riyal nígbà àkọ́kọ́, 40,000 nígbà kejì, 60,000 nígbà kẹta, wọ́n sì ń gba mọ́tò mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ẹ ń fi ọmọdé ṣọ́ kí wọ́n má bá yín lójijì, ṣé ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ wọn ti ṣẹ̀? Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ tí Wole Soyinka fi dìde ní 1977, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tiwọn sílẹ̀ ní 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága. Ọmọ tó jọ yín ló ń kú tó fi bínú. Kí ló wá dé tí ọmọ Yorùbá á fi wà nínú àwọn tó ń sọ títì di ibi ikú ní Zaria?

Ẹ̀yin bàbá náà, mi ò yọ yín sílẹ̀. Ẹ ra mọ́tò fún ọmọ torí ó wọ Yunifásítì ABU, ẹ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ eré yìí dandan, ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari, ẹ tọrọ pápá tí wọ́n lè ti, tí ọkọ̀ aláìsàn á dúró sí ẹnu rẹ̀. Èmi náà á bá yín lọ.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Bí eré bá sú yín, tí ṣáfútì bá ṣẹ́, ẹ ó kun mọ́tò náà, ẹ ó fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ ó tà á fún tíṣà tó fẹ́ máa fi gbé ọmọ lọ síléèwé. Kò mọ̀ pé dífù jíjó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ tí o ni Lexus yẹn, mo gbọ́ pé o ti ń wá ẹni tó máa rà á. Kó o tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lọ ra dífù tó pé, kó o sì pààrọ̀ sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí o kò bá lówó rẹ̀, mú ẹni tó fẹ́ rà á wọ abẹ́ mọ́tò, kó o fi ìka rẹ tọ́ka sí ibi tí wẹ́dà jó.