Kò Yẹ Kí Ògiri Ọ̀rẹ̀ Yadi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ ògiri ni.

Kò sí awakọ̀ tí ó ń ti Èkó lọ sí Ìbíní tí kò mọ Ọ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967, tí ìjà Ọ̀rẹ̀ fi di àpèjúwe lẹ́nu gbogbo Yorùbá. Láti ìgbà tí ìjọba Rótìmí Akérédolú ti kọ́ afárá sókè ìkóríta náà, tí ọgbà iléeṣẹ́ Oǹdó-Linyi sì ti dúró, ilé-epo, báǹkì àti ilé-ìtura ń hù níbẹ̀ bí olú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ògiri wọn! Bí a bá di àjèjì lójú tí a gbé e kalẹ̀ síwájú ọ̀kan nínú wọn, tí a wá tú u lójú, kò ní mọ̀ bóyá Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ni òun wà tàbí Kàdúná. Kò sí kòkó lára wọn, kò sí igi gẹdú, kò sí ènìyàn kan ṣoṣo.

Ohun tí mo ń bèèrè kò ju èyí lọ: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé òwò ńlá sí ilẹ̀ wa, kí ó fi ògiri kan tí ó kọjú sí títì sílẹ̀ fún oníṣọ̀nà ọmọ ìbílẹ̀, kí ó sì san owó iṣẹ́ fún un.

Wọn yóò ní àlá ni mo ń lá. Ní nǹkan bí ọdún 1966, ilé-epo Esso tí ó wà ní Òṣogbo gbé iṣẹ́ fún Adébísí Àkànjí, ó sì fi sìmẹ́ǹtì ṣe ọnà tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá fún wọn. Ta ni Àkànjí? Bíríkìlà ni. Kò lọ sí yunifásítì kankan kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọwọ́ tí ó fi ń to búlọ́ọ̀kù náà ni ó fi bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005. Orúkọ Esso kúrò ní Nàìjíríà ní 1976 nígbà tí ó di Unipetrol, ṣùgbọ́n nítorí ọnà yẹn ni a ṣì fi ń dárúkọ ilé-epo kan ṣoṣo náà nínú ìwé. Ilé-epo mélòó ni a óò rántí báyìí ní Ọ̀rẹ̀?

Ní Marina l'Ékòó, Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ni ó ṣe ère Ṣàngó tí ó dúró níwájú iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná láti 1964. Ẹ sì má gbàgbé ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó ni wọ́n fi dí i fún ọba. Àwọn tí ó gbà á mọ iyì ohun tí wọ́n gbà.

Ní Philadelphia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 1959 ni àjọ tí ń tún ìlú ṣe ti pàṣẹ pé ẹni tí ó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ àjọ náà gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà ṣe iṣẹ́ ọnà. Ẹ jẹ́ kí á fi í ṣírò nílé. Ilé-epo tí ó bá jẹ́ 200 mílíọ̀nù náírà, mílíọ̀nù méjì péré ni ti oníṣọ̀nà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ń ná jù bẹ́ẹ̀ lọ sórí àríyá ọjọ́ ìṣílé.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kan ti sọ fún mi pé òrìṣà ni a fẹ́ kó wọ ìgboro. Mo gbọ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ni èmi náà ti kàwé. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń sá kòkó, ọmọkùnrin tí ń fi ayùn gé gẹdú, awakọ̀ tí ń tú taya lẹ́bàá ọ̀nà, èwo ni òrìṣà nínú wọn?

Ẹ̀rù kan tilẹ̀ wà tí ó ba èmi fúnra mi ju ìyẹn lọ. Bí a bá fi yíyan oníṣọ̀nà sí ọwọ́ àwa olóṣèlú, ojú tiwa ni ẹ óò máa rí lára gbogbo ògiri. Èmi tí ń kọ̀wé yìí mọ iye bébà tí mo ti lẹ̀ mọ́ ògiri onílé láìtọrọ àyè. Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, àwọn àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tí ń gbé ládùúgbò náà ni kí ó yan ẹni tí yóò ṣe é. Kí olóṣèlú kankan má sí láàrin wọn. Kí oníṣọ̀nà kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kí onílé má sì fi ọ̀dà pa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì láìkọ́kọ́ sọ fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ara ọkọ̀ àti pátákó ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀rẹ̀ mọ àwọ̀ lò. Ẹ dúró ní gáréèjì kí ẹ wò ó. Ẹnìkan kò tíì fún wọn ní ògiri ni.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa, mo ní kí á fi ògiri ọ́fíìsì tiwa bẹ̀rẹ̀. Akápò ní ẹfun funfun tó. A óò tún sọ ọ́ ní ìpàdé tí ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí wá síbẹ̀.