Ọṣẹ Kọ́ Ni A Fi Ń Wẹ Odídẹrẹ́

Bí a bá ṣe ìbẹ̀wò ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, a ṣì máa ń bá odídẹrẹ́ nínú àgò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ilé a sì bi wá pé ọṣẹ wo ni ó dára fún un. Kò sí! Omi lásán ni. Funfun bí àtíkè tí ẹ ń rí lára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara ìyẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń jáde, òun ni ó fi ń tọ́jú ara. Ọṣẹ àti òróró a máa ba ìyẹ́ náà jẹ́, òtútù a sì mú ẹyẹ.

Nínú igbó, òjò ni ó fi ń wẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí òjò winniwinni yóò ti kàn án. Bí ó bá na apá, ó fẹ́ ẹ nìyẹn. Bí ó bá ń sá, ẹ má fi tipátipá ṣe é. Ẹ gbé àwo omi pẹrẹsẹ sílẹ̀ fún un. (Ìwà wọn kò dọ́gba, bíi ti àwọn ọmọ wa.) Kí ara rẹ̀ gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Àwọn tí ó ti wà nílé tẹ́lẹ̀ ni à ń sọ o. Ẹ má ra òmíràn: àwọn apẹyẹ ti dín wọn kù gidigidi, òfin àgbáyé sì ti dí òwò èyí tí a mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì láti 2017.