Ìyá Kì Í Ṣe Àlejò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ Rẹ̀

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Nílé, a kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú òwe yìí: bí ìkókó bá dé, ìyá ìyàwó á di ẹrù rẹ̀, á wá máa wẹ ọmọ, ará àdúgbò á gbomi kaná, á se ọbẹ̀ ata gbígbóná fún ọlọ́mọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí oṣù ọmọ kò bá pé, tàbí tí kò ké nígbà tó wáyé, tí wọ́n sáré gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, igba ènìyàn á bá ara wọn níta. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ìyá pàápàá á máa dúró de wákàtí ìbẹ̀wò kó tó rí ọmọ tó bí. Èrò tèmi ni pé ìdílé wà lára ìtọ́jú ọmọ. Ibùsùn, oúnjẹ, àlàyé tó yéni àti owó tí a bá fi gbé wọn ró kì í ṣe sàráà, ìwòsàn ni.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkèèrè ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1978, ní Bogotá lórílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, inkubétọ̀ kò kárí, àwọn ọmọ sì ń kó àrùn ran ara wọn nínú rẹ̀. Dókítà Edgar Rey bá ní kí ìyá so ọmọ mọ́ àyà, ara sí ara, kí ooru ara rẹ̀ máa mú un móoru. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tí ara ọmọ bá balẹ̀ tán ni àwọn dókítà ń gbà kí ìyá ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá béèrè pé: bó bá jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ṣe ìwádìí náà ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Tanzania àti Nàìjíríà, níbi tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti kópa. Àwọn ọmọ tó lé ní 3,200 ni wọ́n yẹ̀ wò, kò sí èyí tó wọn kílò méjì nínú wọn. Wọ́n tẹ́ ibùsùn fún ìyá nínú wọ́ọ̀dù náà gan-an. Èsì tó jáde ní 2021 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí wọ́n gbé sáyà láti ìbẹ̀rẹ̀, 12 ló kú láàárín ọjọ́ 28; lápá kejì, níbi tí wọ́n ti dúró kí ara ọmọ balẹ̀ ná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ìyàtọ̀ náà hàn débi pé wọ́n dá ìwádìí dúró ṣáájú àkókò. Ní 2022, Àjọ náà sọ ọ́ di ìlànà, ó sì fi kún un pé kí a máa ran ìdílé lọ́wọ́, kí wọ́n sì máa bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọ́jú ọmọ.

Ṣùgbọ́n ìyá tí kò ríbi sùn, tí ebi ń pa, kò lè gbé ọmọ sáyà tọ̀sán-tòru. Ibí ni ọ̀rọ̀ Sábó ti wọlé. Ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, Sábó ni àwọn Hausa àti àwọn àlejò mìíràn tẹ̀dó sí. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń jẹun nínú ohun tí wọ́n bá tà lóòjọ́, ìyá àgbà tó yẹ kó wá wẹ ọmọ sì lè wà ní Kánò tàbí Sókótó. Ará Sábó Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ìwòsàn Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 1907, àti ti Yunifásítì LAUTECH nínú ìlú. Ní ti Ọ̀yọ́, bí àìsàn ọmọ bá kọjá agbára ilé ìwòsàn ìjọba ibẹ̀, Ìbàdàn ni tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, bí 50 kìlómítà síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Owó ọkọ̀ ń lọ, owó oògùn ń lọ, ìsọ̀ sì wà ní títì. Àlejò lójú, kò fi í ríran: bí nọ́ọ̀sì bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ọ́síjìn fún ẹni tó gbọ́ Hausa nìkan, ìbẹ̀rù nìkan ni olúwarẹ̀ máa gbé kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan á ní èrò á kó àrùn bá ọmọ. Òótọ́ ni pé ara ìkókó kò lágbára, n kò sì ní kí gbogbo ẹbí ya wọlé. Ẹnìkan tó fọwọ́, tó mọ òfin wọ́ọ̀dù, yàtọ̀ sí èrò ọjà. Nínú ìwádìí yẹn gan-an, àwọn ọmọ tó wà láyà ìyá ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fura sí àrùn inú ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Bó bá sì rẹ ìyá, ẹlòmíràn nínú ẹbí lè gbà á gbé. Igba ènìyàn lè wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀rọ ni kí ìjọba kọ́kọ́ rà. Ẹ̀rọ pọn dandan, pàápàá fún ọmọ tí kò lè mí dáadáa. Ṣùgbọ́n inkubétọ̀ tí kò níná, àpótí lásán ni. Àyà ìyá kò béèrè jẹnẹrétọ̀. Ní Tallinn, lórílẹ̀-èdè Estonia, ní 1979, àìtó nọ́ọ̀sì ló mú kí Dókítà Adik Levin jẹ́ kí àwọn ìyá wọlé wá tọ́jú ọmọ wọn, àwọn ará Kánádà tó lówó jù wọ́n lọ sì kọ́ ọ lára wọn. Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Àwọn tó ń sọ pé ẹrù ẹbí ni ẹbí ń rù náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ẹbí wa mọ̀ ọ́n pé sí, kì í ṣe òru ogún nílé ìwòsàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà pín oúnjẹ ìyá láàárín ara wọn, kí owó ìrẹsì àti ẹran ọjọ́ ìkómọ di owó ọkọ̀ àti oògùn. Òfin 2022 ti sọ ìṣèdúró ìlera di dandan. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí i pé ó dé orí ìkókó láti ọjọ́ tó bá ti wáyé, kí wọ́n sì fi ògbufọ̀ Hausa sí wọ́ọ̀dù. Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn tó bá sì ń ṣètò wọ́ọ̀dù tuntun, kí ó kọ ibùsùn ìyá sínú ìwé ìṣirò owó, lójú ewé kan náà pẹ̀lú ọ́síjìn.