Ilé Tí Ó Dá Páropáro Ṣì Ní Onílé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ó jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí tí iṣẹ́ ti kúrò nínú wọn, àti ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n kọ́ṣẹ́ tán tí wọn kò rí ṣọ́ọ̀bù dúró sí.

Ojú irin ni ó kó púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí Sabon Gari. Ọ̀nà rélùwéè tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 ni wọ́n fà gba Ọ̀ṣogbo, Ọ̀ffà àti Jẹ́bà títí ó fi dé ìhà ibí. Láti Zaria ni ojú irin kékeré ti ń lọ kó kùsà ní Jos, kí wọ́n tó pa á tì ní 1957. Níbi tí ẹrù bá sì ti ń sọ̀, ilé ìkẹ́rùsí kò ní ṣàì wà. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè. Ní Kaduna, ilé-iṣẹ́ aṣọ KTL, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1957, ti ìlẹ̀kùn ní 2002. UNTL náà ti tirẹ̀ ní 2007, ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní 2010 kò sì dà bí ti àtijọ́.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé kí àwọn ọmọ wọlé, kí wọ́n gbá a, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kò fara mọ́ èyí. Ohun rélùwéè, Nigerian Railway Corporation ni ó ni ín. Ilé-iṣẹ́ tí ó kú ní àwọn tí ó jẹ ní gbèsè, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òṣìṣẹ́ KTL fi sá kiri nítorí ẹ̀tọ́ wọn. Bí ọmọ méjì bá gba ojú fèrèsé wọlé, wọn kò ní dárúkọ ọmọ méjì náà, wọn yóò ní, “Àwọn Yorùbá ni.”

Ṣùgbọ́n kí a káwọ́ gbera kò dára. Ní Èkó, ẹgbẹ́ Legacy, tí àwọn aráàlú dá sílẹ̀ ní 1995, bá rélùwéè ṣe àdéhùn, wọ́n tún Jaekel House ṣe ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ará àdúgbò Coin Street bá àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì jà, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà ní 1984. Nígbà tí ó di 1996, ilé Oxo Tower, tí ó ti jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ti di ilé gbígbé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn méjèèjì yìí ní ẹgbẹ́ tí ó lórúkọ, wọ́n ní ìwé lọ́wọ́, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilé ṣe.

Nítorí náà, a dá nǹkan mẹ́ta lábàá fún ìpàdé wa. Èkíní, kí a yan ènìyàn tí yóò ka àwọn ilé tí ó ṣófo, kí wọ́n sì wádìí ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí a má dá nìkan lọ. Kí a tọ mai unguwa lọ, kí a sì pe àwọn ẹgbẹ́ Hausa, Ígbò àti Núpé mọ́ra, nítorí ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀kẹta, kí a tọrọ ilé kan ṣoṣo, kí a kọ iye ọdún àti owó ìyálé sínú ìwé, fún àwọn wẹ́dà, télọ̀ àti káfíńtà, kí ọmọ ẹ̀yà gbogbo lè kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ àtijọ́ ilé náà bá wà láàyè, kí òun ni kí ó kọ́kọ́ jẹ ọ̀gá níbẹ̀.

Òjò kì í dúró de ìpàdé. Páànù tí ó ń jò lónìí lè wó lọ́la, tàbí kí olówó kan ra gbogbo rẹ̀ kí ó wó o palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tètè tọrọ, kí á sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé.